Àbàtà Tí Kò Ní Píìnì

Jethro tẹ́ páálí tó kó wá láti súpámákẹ́ẹ̀tì Thamesmead nílùú òyìnbó sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gé àwòrán Igbó Alágbọ̀n, igbó ìlú wọn nílé. Bó ṣe ń wo máàpù ló ń gé páálí kan fún ìpele òkè kọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lórí, ó sì ń fi ògì sísè lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Àwọn àgbà tó ń já ewé, tó ń he èso òro, tó ń gé pankẹ́rẹ́ nínú igbó náà kò lè ka máàpù, ṣùgbọ́n bí òkè bá yọ síta, tí odò sì rì, wọn ò ní ṣì í mọ̀. Ìjọba nílé ti ní àwọn lè ya igbó náà sọ́tọ̀ fún wọn, kí àwọn onígẹdú má wọ ibẹ̀, bí wọ́n bá lè fi hàn pé àwọn ń lò ó.

Ìyá Moyinolúwa, tó gé pankẹ́rẹ́ níbẹ̀ títí ó fi darúgbó, wá láti ilé ọmọ rẹ̀ ní Glyndon Estate. Ó wo tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Jethro, ṣé igbó ò tíì jẹun àárọ̀ ni, tó o fi ń fún un lógì?”

“Mummy, ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ẹ gba píìnì. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń rí nǹkan mú, ẹ gún un síbẹ̀.”

Ìyá gún un: òro lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ewé lọ́nà oko, olú nísàlẹ̀. Nígbà tó kan àbàtà, ọwọ́ rẹ̀ fò ó.

“Ibí ńkọ́, Ma?”

“Ẹrẹ̀ àti ejò. Kí lèèyàn ń wá níbẹ̀?”

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìbítóyè, alága ẹgbẹ́ ìlú wọn nílé, tẹ Jethro láago. Ìjọba ti gbà, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn onígẹdú. Èwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀? Jethro wo ibi tí kò sí píìnì. Ó fi abẹ gé àbàtà kúrò, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sílé.

Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 1993. Jethro gbé ìròyìn lọ sí Glyndon.

“Ẹ kú oríire, Mummy! Igbó ti di tiyín. Àbàtà nìkan la fún wọn.”

“Àbàtà wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ ní ẹrẹ̀ ni.”

Ìyá jókòó. “Ibẹ̀ ni pankẹ́rẹ́ mi wà. Ìyá mi ló fi hàn mí, èmi náà fi han àbúrò mi. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Kí n sọ fún ọ? Ìwọ tí ìyá ẹ ń gé pankẹ́rẹ́! Ta ló ń mú ẹlòmíràn lọ síbi pankẹ́rẹ́ ẹ̀?” Ó wò ó. “Ibi tí ìyá tìẹ ti ń gé e ńkọ́?”

“Ó wà nínú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa, Ma.”

“Mo gbọ́.”

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó tún lè lé àwọn ará ìlú kúrò nínú Igbó Alágbọ̀n. Ṣùgbọ́n kó tó di ọdún tuntun, àwọn onígẹdú ti gé igi abura inú àbàtà tán, pankẹ́rẹ́ tó gùn wọ́n sì bá wọn wó. Ọwọ́ ìyá Jethro ni àbúrò Ìyá Moyinolúwa ti ń ra pankẹ́rẹ́ tó fi ń hun agbọ̀n.