Ìṣirò Ọ̀nà Méjì

Káfíńtà ti pinnu: tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin òun ò ní sí níléèwé yẹn mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tì í.

"Ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìgbà wo ni tíṣà fẹ́ ráyè tiwa? Mú un lọ sí tòdìkejì odò, àwọn èèyàn wa nìkan ló wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká Káfíńtà lára, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìṣirò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di olódo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí ìwé ọmọ náà wò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú bí i. Ìṣirò pínpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì: ìkan bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà, èkejì dorí kodò bí àdán.

"Ta ló kọ́ ẹ ní radaràda yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wọn nìyẹn. Èmi náà kọ́ ọ ní tiwa. Tí ìdáhùn méjèèjì ò bá ti dọ́gba, a mọ̀ pé àṣìṣe wà ńbẹ̀, a ó sì wá a títí a ó fi rí i."

Ó nawọ́ sí máàkì rẹ̀: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ní sáà tó kọjá, méjì ló gbà.

Inú Káfíńtà fẹ́ dùn, àmọ́ ó le ojú. Ó ní kó pín pákó tó wà níwájú òun, sẹ̀ntímítà 238, sọ́nà méje. Òun fúnra rẹ̀ ti rò ó lórí, ó ti fi pẹ́ńsù sàmì sí 36, ayùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ṣe é lọ́nà kìíní, ó ṣe é lọ́nà kejì.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bàbá, tiyín nìkan ló yàtọ̀."

"Ogún ọdún ni mo ti ń rẹ́ pákó. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ẹ wọ̀n ọ́n wò, Bàbá."

Ó fa téèpù, ó wọ̀n ọ́n ní 36, 36. Kó tó ka ìkeje tán, pákó ti tán. Pákó oníbàárà ni, kò sì sí irú ẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì í, àmọ́ ayọ̀ rẹ̀ ju ìtìjú lọ, torí olódo àná ló ń yẹ iṣẹ́ ọ̀gá wò yìí. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n ọmọ tí kò tiẹ̀ fojú kàn rí ló kó o yọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Ṣé o ti mú un kúrò?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tẹ́ ẹ wí yẹn, bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò ni gbogbo wọn á máa ṣe é. Tí wọ́n bá wá ṣì í, ta ló máa rí i?"