Ohun Tí Vitomir Fún Ẹ́ńjìnnì Mu

Tí ọkọ mi bá sọ fún yín pé òun ló mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Irọ́ ni. Èmi Radunka wà níbẹ̀, ìṣojú mi ló ṣe.

Ìgbà òtútù ni àìsàn dá Vitomir dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, imú rẹ̀ ò gbóòórùn mọ́ rárá. Ata yíyan àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún un. Ìyẹn ò dùn mí tó bó ṣe ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì! Mo gbàdúrà títí ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ló ṣàdédé dìde, ó wọ inú abà lọ, ó ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ní òun máa tún un ṣe. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bá a jà nígbà tó fi aṣọ ìnura mi nu epo.

Ó ha ìpẹtà, ó kùn ún lọ́dà pupa, èmi sì rán ìbòrí ìjókòó. Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ní rárá o.

Ó fọ táǹkì, ó da epo sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó dákẹ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó ní kí n bá òun yí kọ́kọ́rọ́ kí òun wò ó: iná ń ṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ó tú kabúrétọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi, àní abẹ́rẹ́ mi, yọ ìdọ̀tí gbogbo ihò inú rẹ̀. Pàbó. Ó pààrọ̀ páǹpù epo. Pàbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bu epo díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, ó ta á sí ọ̀fun kabúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù! Kí n tó pàtẹ́wọ́, ó ti kú.

"Ó lẹ́mìí," ni Vitomir wí. "Ó lẹ́mìí, àmọ́ kò fẹ́ jẹun."

"Ìwọ ló fìwà jọ," ni mo dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ní kí wọ́n wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ló bá padà sójú fèrèsé. Mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, Vitomir ò ní dìde níbẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni Dobrivoje àti ìyàwó rẹ̀ Slavojka wọlé sí wa. Ilé wọn fara ti tiwa, àmọ́ wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú Niš lọ́dọ̀ Jagoda, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Dobrivoje ni kum wa, òun ló dúró ti Vitomir ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tó gbé mi níyàwó; kum náà ni òun ń pe ọkọ mi, àwa obìnrin ni wọ́n ń pè ní kuma. O lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà, o ò gbọdọ̀ bá kum jà. Slavojka gbé páì wàràkàṣì gbígbóná lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti ń pariwo láti ẹnu géètì.

"Kum! Wọ́n ní o fẹ́ gbé arúgbó ọkọ̀ yẹn fún àwọn onírin. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, wọn ò rà ọ́ mọ́ ọn?"

"Wọ́n ní tèmi ti dípẹtà jù," ni Vitomir wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Dobrivoje kọrí sínú abà bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ó lọ sẹ́yìn pákó tí a tò ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Kum, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn pákó dà?"

"Epo inú rẹ̀ ni mo dà sí táǹkì. Kí ló dé?"

"Kò sí."

Kò sí kẹ̀! Ó ṣí ẹnu táǹkì, ó gbóòórùn, ó dé e padà wéré, ó sì yọjú wo Slavojka tó ń gé páì lábẹ́ igi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kum, kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, kuma."

"Ẹ má tàn mí jẹ. Ẹ wo ọkọ mi. Ọkọ̀ yìí nìkan ló gbé e dìde."

Ó kàn ń jẹ irunmú rẹ̀ ni.

Mi ò mọ ohun tó dì í lẹ́nu nígbà yẹn. Nígbà ìkórè tó kọjá, dókítà sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò gba rákíyà mọ́, ìyẹn ògógóró èso tí kò sílé tí wọn kì í pọn ọ́n. Slavojka da gbogbo èyí tó wà nílé nù, ó mú un búra níwájú àbẹ́là ẹni mímọ́ ilé wọn, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá tún rí i lọ́wọ́ rẹ̀, Niš lòun ń lọ, òun ò ní padà. Slavojka kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fèrè lọ́rì dún lẹ́nu géètì. Vitomir dìde láti lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Dúró!" Dobrivoje ló kígbe. "Kum, dúró. Kì í ṣe epo lo fún un mu. Rákíyà ni. Èmi ni mo ni ín."

Awakọ̀ lọ́rì pàápàá pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Slavojka rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Dobrivoje. O búra níwájú àbẹ́là."

"Mi ò mu ún."

"O ò mu ún! O wá gbé e pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì epo nílé onílé. Kí lo fẹ́ fi ṣe, ṣé o fẹ́ fi fọ ẹsẹ̀ ni?"

"Ti Jagoda ni, Slavo."

Gbogbo wa la mọ rákíyà Jagoda. Bàbá ló máa ń pọn ọ́n lọ́dún tí wọ́n bá bí ọmọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò títí di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà. Jagoda ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì mú ọkùnrin kankan wálé.

"Irọ́ ni," ni Slavojka wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi da ti Jagoda nù."

"Omi lo dà nù. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Inú ń bí ọ lọ́jọ́ yẹn débi pé o ò gbóòórùn, mo sì mọ̀ pé o máa kábàámọ̀ rẹ̀."

"Nítorí ẹ̀ lo ṣe ń jí wá síbí láràárọ̀?"

"Mo ń wá wò ó bóyá ó ṣì wà ni."

"Kuma, kò puró," ni Vitomir wí. "Kẹ́ẹ̀gì yẹn kún dé ẹnu. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ó dà sí mi lọ́wọ́."

Slavojka jókòó sórí táyà. "Mo sunkún nítorí ẹ̀," ni ó wí. "Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi sunkún. Mo rò pé oríire ọmọ mi ni mo dà sílẹ̀."

Dobrivoje jókòó tì í. Vitomir ní tirẹ̀ ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú táǹkì sílẹ̀, òórùn rákíyà gba inú abà kan. Ó fi epo ṣan táǹkì, ó ṣan kabúrétọ̀, ó da epo ẹ̀rọ koríko sí i, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Mo di ojú mi. Ni ó bá bú! Ó bú, kò sì kú, ó ń hó lọ bí ìkòkò oúnjẹ. Vitomir ń lu ìdarí ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fún awakọ̀ lọ́rì ní páì, mo ní kó máa lọ, irin kankan ò sí níbí.

"Ẹ wọlé!" ni ọkọ mi ń pariwo. "Gbogbo yín! Ẹ jẹ́ ká yí abúlé po!"

Èmi àti Dobrivoje fún ara wa mọ́ ẹ̀yìn. Slavojka ò tíì wá. Ó ti bá kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé nínú kọ̀rọ̀, ó gbé e sétí, ó mì í. Nǹkan ń ró nísàlẹ̀ rẹ̀. Táǹkì kékeré yẹn ò gbà á tán. Mo ní ó ti parí, ó máa dà á sílẹ̀. Dobrivoje tẹrí ba.

Slavojka dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà pinpin. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

"Kum," ni ó wí, "ẹ rọra wakọ̀ o. Kò gbọdọ̀ dànù."