Ọgbà Igi Orí Àkìtàn

À ń ru àwọn igi náà láti nọ́sìrì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ igi, lọ sí ọgbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe sórí àkìtàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn igi náà ti dàgbà tán, ẹyẹ sì wà lórí wọn, àmọ́ wọn kò wúwo ju agbọ̀n òfìfo lọ. Kálukú ń sọ ibi tó fẹ́ dúró sí. Ọ̀ganwó ní òun fẹ́ máa wo títì. Igi ahùn ní kí a má gbé òun sún mọ́ ìrókò, torí ìrókò máa ń sọ̀rọ̀ jù. Mojírádé, ẹlẹgbẹ́ mi, fi ṣíbí ìdáná gbẹ́ ihò fún wọn, ihò kọ̀ọ̀kan sì jìn tó kànga.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ sáàárín ọgbà kò ní ògiri. Bí ọmọ iléèwé kékeré kan bá ti wọlé wá kẹ́kọ̀ọ́, yàrá náà á gùn sí i, bẹ́ǹṣì kan á sì hù láti inú ilẹ̀.

Bàbá àgbà mi wọlé. Agégẹdú ni wọ́n nígbà ayé wọn. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n kú. Ayùn wọn wà léjìká. Bí àwọn igi ṣe rí ayùn náà, gbogbo wọn fa gbòǹgbò yọ, wọ́n tò lọ sẹ́nu géètì. Ó dùn mí, torí gbogbo iṣẹ́ wa ló ń lọ yẹn.

Mo kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà.

Wọ́n ní, "Ta ló ni igbó yìí?"

"Àwa la gbìn ín, Bàbá. A fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú mọ igi."

"Ṣé èmi náà lè kọ́ nípa wọn?"

Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ayùn fún Mojírádé, wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọdé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Mo sọ bí igi ṣe ń mu omi àgbàrá kó má baà wọlé onílé, àti bó ṣe ń tu ìlú lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn igi ẹnu géètì dúró, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀kan yíjú padà. Mo bi kíláàsì pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá àgbà ló kọ́kọ́ nà sókè.

"Ọ̀ganwó ni," wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀ganwó padà sínú ihò rẹ̀. Àwọn igi yòókù tẹ̀ lé e.

Orí mi wú. Bàbá àgbà sọ fún ọmọ tó jókòó tì wọ́n pé, "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe gbogbo èyí." Wọ́n tún un sọ fún bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì ní òun ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n dìde. Oòrùn mú gan-an. Mo wo ilẹ̀, òjìji bàbá àgbà gbòòrò ju ọgbà lọ, ó ti kọjá títì, ó ti dé orí òrùlé àwọn ará àdúgbò. Àwọn ọmọdé ti kó àwo oúnjẹ wọn jáde, wọ́n ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.