Ìgbì fún Iná Sweyn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn ikú Sweyn dé láti ilé ìwòsàn ní Aberdeen. Òkun tó yí erékùṣù Westray ká dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà bí omi inú àwo. Merran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde lọ wo omi, ó wọlé, ó tún jáde.

Kí àìsàn tó dá Sweyn dùbúlẹ̀ ló ti so àgbá pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ àpáta tó máa ń fọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja. Bí ìgbì bá ń gbé àgbá náà sókè sódò, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a máa fi agbára sínú bátìrì, fìtílà orí rẹ̀ a sì máa tàn. Ìgbìmọ̀ èbúté ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá bá fìtílà ní kíkú, wọ́n á wọ́ àgbá náà dànù. Ó sì ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìgbì ò dìde.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Dod, àbúrò bàbá wọn, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Merran débẹ̀. Iná náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Bàbá, ṣé wọn ò tiẹ̀ sọ pé ìjì ń bọ̀ ni?"

"Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìjì. Jókòó jàre! Ṣé o fẹ́ dojú ọkọ̀ dé ni?"

Merran ò lè jókòó. Ó ká ètè jọ láti súfèé.

"Há à! Kì í ṣe nínú ọkọ̀ mi! Ẹni tó bá súfèé lójú omi, afẹ́fẹ́ ló ń pè yẹn."

"Afẹ́fẹ́ náà ni mo ń wá."

"Ohun tí àbúrò ẹ máa ń sọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo já a sílẹ̀ sétí òkun nítorí orin kan ṣoṣo tó máa ń fi súfèé yẹn, tó fẹsẹ̀ rìn délé." Ó yíjú sí fìtílà náà. "Olóríkunkun."

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Merran sáré lọ sí èbúté láìwọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n gbé obìnrin tí ìgbìmọ̀ rán dé ibi àpáta, àgbá ń jó lórí ìgbì, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Obìnrin náà wò ó títí.

"Ta ló ṣe é?"

"Àbúrò mi ni."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti já obìnrin náà sí èbúté, Bàbá Dod tún yí ọkọ̀ padà sójú omi. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí fìlà. Ètè rẹ̀ gbẹ, èémí lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ahọ́n lá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin Sweyn.