Ohùn Tí Mò Ń Gé Sọnù

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré lásán ni. Wíńdò ni mò ń kàn ní Ìgàndó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ìrun àsùbáà nìkan ni mo máa ń ráyè gbá géèmù bọ́ọ̀lù mi, bí iná bá wà. Màá gbé fóònù lé orí agolo mílíìkì méjì níwájú tẹlifíṣọ̀n, màá máa gbá a, màá sì máa fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ bí àwọn ti orí rédíò. Lẹ́yìn náà ni màá gbé fídíò rẹ̀ sórí YouTube.

Ọmọ Ìyá Méjì ni orúkọ tí mò ń lò níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Mùtíù, nìyẹn ní ilé géèmù kan ní Ìkòtún, nígbà tí kò sí ẹni tó lè nà wá. Ní 2011, Mùtíù gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó pè wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Màámi kò gbà pé ó kú. Ní gbogbo àárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kì í tariwotariwo: "Àyìnlá ọkọ mi! Ọmọ a-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-ilé! Ibi yòówù kí o jí sí, ire ni kó o bá pàdé!" Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó rántí tèmi, wọ́ọ́rọ́wọ́: "Àkàndé, o jíire bí?" Ó máa ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń ra oògùn, ẹni tí kò sí nílé ló ń gba oríkì.

Ohùn wọn wà nínú fídíò àkọ́kọ́ tí mo gbé síta. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bro, ta ni màmá tó ń pariwo yẹn? Ẹ fún wọn ní pure water jàre." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ibi tí Màámi bá ti lanu ni mo máa ń gé. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìn á máa ro mí, màá wá máa fi àtàǹpàkò wá ohùn ìyá mi kiri kí n lè pa á rẹ́. Fídíò mọ́kànlélógójì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún láàárín ọdún méjì. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, àkùkọ wà níbẹ̀, ìyá mi nìkan ni kò sí.

Ní Sátidé kan ní 2016, ó rẹ̀ mí débi pé ọwọ́ mi ò gbé e mọ́. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rín in. Mo gbé fídíò náà síta láìgé nǹkan kan, mo bá sùn lọ.

Nígbà tí mo jí, ẹnì kan tí kò ní àwòrán ti kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀:

"Àkàndé, Màámi ṣì wà láyé? Ìtálì ni mo wà. Mi ò ríṣẹ́, mi ò níwèé, ojú ń tì mí ni mi ò ṣe pè. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wo gbogbo fídíò ẹ. Ohùn wọn ni mò ń fetí wá, mi ò sì gbọ́ ọ. Wọn kì í sì í dákẹ́ láàárọ̀. Mo ní wọ́n ti lọ nìyẹn. Tí mo bá sì bèèrè, wàá ní ara wọn ò yá díẹ̀ ni. Lónìí, mo gbọ́ Àyìnlá."

Ohun tí a sọ fún un nìyẹn nígbà tí bàbá wa kú, torí a kì í túfọ̀ òbí fún ará ìdálẹ̀. Ìlọrin ló wà nígbà náà. Ó ra ọsàn bọ̀ wálé fún aláìsàn, sàréè ló bá.

Mo sunkún kí n tó jáde. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ?"

"Kò sọ, mà."

"O ní ọdún méjì ló ti ń wò ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí kò sì gbọ́ ohùn mi?"

"Kò gbọ́ ọ, mà."

Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn. "Ara àgbà ni. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ǹ bá ti máa pariwo jù báyìí lọ."

Mo gbé fóònù lé orí agolo, mo yí ojú rẹ̀ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dọ̀ wọn.

"Ohùn yín ò lọ sílẹ̀, Màámi," mo ní. "Èmi ni."

Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń ki Àyìnlá, wọ́n sì ń pariwo títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.