Ẹní Tí Lupe Gbé Wá sí Kíláàsì Ìtàn

"Rọra tú u," ni Makerita, tíṣà ìtàn, ń wí, "má bá mi fa ohun ìní àwọn ará ilé ẹ ya lónìí."

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Lupe tó gbé ẹní náà wá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sórí simẹ́ńtì, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú ọ̀já lára ọmọ tuntun. Ẹní iyì ni, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún hun, ó rọ̀ bí aṣọ, ìyẹ́ pupa sì tò sí etí rẹ̀. Ní igun kan, níbi tí àwọn ìyẹ́ ti já dànù, àbàwọ́n ẹrẹ̀ kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Makerita rí àbàwọ́n náà. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó mọ ẹní yìí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù bàbá Lupe já ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì pa Asofa, àbúrò Makerita kan ṣoṣo lọ́kùnrin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bàbá Lupe àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ti kúnlẹ̀ síwájú ilé àwọn Makerita nínú òjò, wọ́n fi ẹní yìí borí. Ifoga nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ á kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹní, kò ní dìde títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò fi jáde wá ṣí i lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ìjà parí, ẹní náà di ti ẹni tó ṣí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ̀san mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá Makerita ní kí wọ́n tú ìkélé imọ̀ àgbọn sílẹ̀ yí ilé wọn tí kò ní ògiri ká, kò sì jáde sí wọn. Òjò dá, oòrùn mú, àwọn ènìyàn náà wà lórí ìkúnlẹ̀, títí pásítọ̀ fi wá ní kí wọ́n máa gbé ẹní wọn lọ sílé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lábúlé wọn.

Iakopo, ẹ̀gbọ́n Lupe, wà lára àwọn tó kúnlẹ̀. Iakopo tó yẹ kó ti fẹ́ Makerita. Ilé ìwé kan náà, ní ìtòsí èbúté Salelologa ní erékùṣù wọn, ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe tíṣà. Iṣẹ́ káfíńtà ni Iakopo ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn. Àmọ́ kò sí àga tó ń mì nínú kíláàsì ìtàn. Èyí tó bá kán lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Ajé á ti dúró ṣinṣin, á máa rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, Makerita á sì nu omijé ojú rẹ̀ kíákíá kí àwọn ọmọ tó wọlé.

"Lupe," ó bi í, "ta ló ní kí o gbé eléyìí wá?"

"Ẹ̀yin ni, tíṣà. Ẹ ní kí kálukú mú ohun tó ní ìtàn wá láti ilé."

Òun náà ló sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ti sú u kó máa kọ ọdún tí àwọn ọba òkèèrè gorí ìtẹ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ máa yán. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ìtàn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kí wọ́n sì fi ara ṣe é. Lónìí, ifoga tó parí ìjà abúlé méjì láyé àwọn baba ńlá ni wọ́n fẹ́ ṣe bí eré. Màmá Fuatino, ẹ̀gbọ́n bàbá Makerita, ló wá pa ìtàn náà fún wọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó ti rí ẹní náà.

Ó yẹ kí Makerita dá eré náà dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dá a dúró láì dárúkọ Asofa lójú àwọn ọmọ? Eré ni, ó sọ fún ọkàn rẹ̀. Ìtàn ni, ó ti kọjá.

Lupe fi ẹní borí. Tavita, tó ń ṣe baálẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀, jáde pẹ̀lú adé bébà, ó na àyà síwájú. "Ta ló wá dínà mọ́ mi láàárọ̀ kùtù? Mi ò tíì mu kòkó mi!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tábìlì fi ń dún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣí ẹní náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ẹkún ń bọ̀ lábẹ́ ẹní.

"Lupe, ó ti tó, dìde," ni Tavita sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Torí bàbá mi ni mo ṣe kúnlẹ̀," ni ohùn kan wí lábẹ́ ẹní. "Kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Mi ò ní dìde."

Tavita fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó ṣí adé bébà kúrò lórí. "Tíṣà, ẹ má bínú. Òkú yìí kì í ṣe tèmi. Mi ò lè ṣí i."

Makerita di tábìlì mú. Ẹnìkan ti sáré lọ pe Iakopo, òun náà sì dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú èérún igi lórí irun rẹ̀. Ó wo ẹní náà, ó wo Makerita. Makerita rò pé á fa àbúrò rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa etí ẹní tó kù nílẹ̀, ó fi bo orí ara rẹ̀.

"Màmá," ni Makerita wí, "ẹ gbà mí. Ẹ bá mi ṣí i."

Màmá Fuatino gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni Asofa jẹ́ sí ọ?"

"Àbúrò mi ni."

"Bàbá rẹ ló ni àṣẹ lórí ilẹ̀ àti oyè, mi ò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀, májẹ̀mú ló wà: arábìnrin ló ń gbẹnu sọ fún un. Ìwọ lo jẹ́ májẹ̀mú Asofa. Bí o bá ṣí i, ó ti ṣí."

"Bàbá á lé mi jáde."

"Wá sọ́dọ̀ mi. Ilé mi kò ní ògiri, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o gbà wọlé. Bàbá rẹ yẹn, èmi ni mo máa ń nu ikun imú rẹ̀. Ó mọ̀ mí." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tì ọ́. Bí inú rẹ kò bá tíì yọ́, má fọwọ́ kàn án. A kì í fi ẹní purọ́."

Agogo ìsinmi dún. Kò sí ọmọ kan tó dìde.

Makerita rántí Asofa, bó ṣe máa ń ṣi orin kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin tó sì máa ń kọ ọ́ sókè ju gbogbo wọn lọ. Ó rántí okùn ìkélé lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló pàṣẹ, òun ló tú u. Láti àlàfo imọ̀ ló ti rí àbàwọ́n ẹrẹ̀ náà, ó sì rí àtẹ́lẹsẹ̀ Iakopo lábẹ́ ẹní, ó funfun nítorí òjò. Ó fẹ́ràn ẹsẹ̀ yẹn. Ó kórìíra ẹsẹ̀ yẹn. Fún ọdún méjì, kò mọ èyí tó jù.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rìn lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó di igun tó lẹ́rẹ̀ mú, ó sì ṣí i.

Ojú Lupe ti wú. Iakopo kò lè gbé ojú tirẹ̀ sókè.

"Ẹ dìde," ni Makerita wí. Ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo kíláàsì sì gbọ́ ọ.

Ó ká ẹní náà, ó gbé e lé èjìká. Ti ilé wọn ló ti di báyìí, bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí i kí oòrùn tó wọ̀. Iakopo na ọwọ́. "Jẹ́ kí n bá ọ gbé e, Makerita."

"Rárá. Èjìká mi ni kí bàbá mi ti rí i." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n máa bá mi rìn."