Kòkòrò Sẹ́dà Inú Ojú Ìyá Bunruean

Phailin, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn kan, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹyinjú Ìyá Bunruean. Òwú sẹ́dà ló yọ́, tó sì tẹ́ títí tó fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Òun ló fi wé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi síbẹ̀, kí ara má baà kọ̀ ọ́. Kámẹ́rà wà lórí awò ojú tí ìyá náà ń lò. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ni ẹ̀rọ ń gbé fún ọpọlọ.

Ìyá Bunruean ò bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Ní ìlú Surin tó ti wá, òwò kòkòrò sẹ́dà ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó fọ́jú. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tán, ó ní, "Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń dín kòkòrò yìí jẹ. Ó ti wá di alábàágbé mi nínú ojú báyìí. Bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí mo jẹ ló ń wá."

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí Dókítà Wirot, ọ̀gá Phailin, bá tan iná síwájú rẹ̀, òkùnkùn ni ìyá ní òun ń rí. Dókítà ní ó jọ pé ara ti kọ òwú náà, àti pé bí àyẹ̀wò òní bá tún já sófo, òun á yọ ọ́ lọ́la. Phailin ò gbà. Ojú ìyá ò pọ́n, kò wú, kò sì dùn ún. Iṣẹ́ ọwọ́ òun dá a lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Phailin àti ìyá ń fi ọwọ́ bu ìrẹsì jẹ, ìyá ń fi Phailin ṣẹ̀fẹ̀ nítorí ọkọ tí kò tíì ní. Lójijì ni ìyá kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè ẹni tó dí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń kọjá. Kí Phailin tó lanu, Dókítà Wirot wọlé, ó kí wọn. Ìyá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ wọn, ó tẹrí ba, kò sì gbé orí sókè mọ́. Ta ni yóò gbórí sókè níwájú àgbà tó ń ṣe é lóore? Kámẹ́rà náà bá a tẹrí ba; aṣọ dúdú tí ìyá ró mọ́dìí nìkan ló ń wò.

Phailin rọra bẹ̀ ẹ́ kó gbórí sókè. Ó gbé e díẹ̀, dókítà wúkọ́, orí tún wálẹ̀.

Ni Phailin bá pe ọ̀gá rẹ̀ síta. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Èmi, sílẹ̀? Ṣé orúnkún mi yìí lo fẹ́ fi dánrawò?"

"Bí wọn ò bá rí yín, ọ̀gá, kí ẹ yọ òwú mi."

Dókítà padà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní tó wà nílẹ̀. Ìyá ṣì tẹrí ba lórí àga. Ó ṣe díẹ̀, ara rẹ̀ ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Dókítà, kí lẹ ń wá nílẹ̀? Aṣọ funfun yín ti wà níbi ẹsẹ̀ mi. Ẹ dìde, ẹ má kó ẹ̀ṣẹ̀ bá mi."

Dókítà ò fọhùn. Ó sún sápá òsì, ojú ìyá bá a lọ. Ó sún sápá ọ̀tún, ojú ìyá tẹ̀ lé e. Ìyá ti délẹ̀ tán nígbà yẹn, síbẹ̀ ó ń káwọ́ kásẹ̀ kò, ó ń wá ibi tó tún rẹlẹ̀ ju tọ̀gá lọ.

"Màmá," ni dókítà wí, "bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀, inú kànga la ó ti wá yín."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò tún dárúkọ yíyọ òwú lọ́la. Phailin lọ mú ẹní kejì wá tẹ́ fún ìyá.